Ọwọ́ Tí O Dì Mú Lórí Pápá

                                                  Ojúlé 41, Títì Sawmill,
                                                  Ellery, Georgia.
                                                  Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Tavaris, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn mi,

Báwo ni òtútù ìlú yẹn? Ṣé yìnyín ò tíì bo ọkọ̀ rẹ mọ́lẹ̀? Shonda ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun lẹ́yìn ìbímọ? Àwọn ọmọbìnrin rẹ méjèèjì ńkọ́, àti ọmọ ọwọ́ tí mi ò tíì fojú kàn? Orúnkún rẹ ọ̀tún náà ńkọ́, èyí tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí o bá ń gun àtẹ̀gùn? Ara àwa níbí le, a dúpẹ́. Renita ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ó ní abọ́ òun tí o fi gbé adìyẹ díndín lọ nígbà tí o wá kí wa nígbà ooru, òun ò tíì gbàgbé o. Màmá mi náà ń béèrè rẹ. Ó ní láti ọjọ́ tí o ti lọ, kò sí ẹni tó tún jẹun nílé òun bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ìgbà mẹ́sàn-án ni o ti pè mí láti Ọjọ́bọ̀, mo kà á, mi ò sì gbé e. Fóònù mi ò bàjẹ́, mi ò sì di ọlọ́lá tó ń yan ẹni tó máa dá lóhùn. Mo mọ ara mi ni. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, kí o tó sọ gbólóhùn mẹ́ta, mo ti di ẹrù mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò àti ìwé bí àwọn ìyá àgbà. Nígbà tí lẹ́tà yìí bá máa fi dé ọwọ́ rẹ, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ dá fún mi ti kọjá, o ti mọ̀ bóyá mo wọ bàálù wá tàbí mi ò wọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi. Ṣe sùúrù fún mi, torí mi ò ní lè sọ ọ́ ní tààrà.

Nígbà tí o pè ní Ọjọ́rú, tí o ní ọmọ tó gba ipò mi nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa ti fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, pé èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì, pé Kóòṣì Haskell ń wá ẹni tó ti mọ gbogbo àmì wa, o ní o dìde lójú gbogbo wọn, o ní, “Ẹ pe Cordell. Ara rẹ̀ ti yá pátápátá. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ tó ṣubú, mo mọ ohun tí mò ń sọ.” Mo ní màá pè ọ́ padà. O rò pé ayọ̀ ló ń ṣe mí. Ayọ̀ ni lóòótọ́. Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo dúró sáàárín àwọn igi pecan wa, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mú.

Ó ń wù mí, Tavaris. Ó ń wù mí débi pé ó ń dùn mí lára. Ohùn tó máa ń wà nínú akoto mi ni mo ń ṣàárò jù. Èmi nìkan nínú àwa mọ́kànlá tó ń dènà bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré yẹn sí lórí, kí Kóòṣì lè bá mi sọ̀rọ̀, kí n sì sọ ọ́ fún yín. Tó bá ti ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n á pa ohùn náà. Èèyàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ń pariwo, ṣùgbọ́n nínú akoto mi, ó pa rọ́rọ́, ó ku èmi àti ìka àwọn géńdé ẹgbẹ́ kejì tó ń fọwọ́ kanlẹ̀ níwájú mi. Mo ti wá irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn kiri gbogbo Ellery. Mo jókòó nínú ọkọ̀, mo pa rédíò. Mo lọ síbi odò. Kò sí níbẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò yára rí. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ń yan àwọn ọmọ tuntun, orúkọ igba èèyàn ó lé ni wọ́n pè, wọn ò pe tèmi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọ iṣẹ́ yìí. Ìka ló fi mí sídìí rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Géńdé tó bá fẹ́ já lù ọ́ á gbé gbogbo ara lé ọwọ́ tó fi kanlẹ̀, èékánná rẹ̀ á sì funfun. Èyí tó bá fẹ́ sún sẹ́yìn láti dáàbò bo ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ọwọ́ rẹ̀ á kàn fúyẹ́ sórí koríko ni. Bí mo bá ti rí i, mo ti lu itan mi: ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n fẹ́ gbé e sáré, ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n fẹ́ jù ú. Ìwọ náà á lu tìrẹ lẹ́yìn mi láti fi hàn pé o ti gbọ́. Ariwo ò jẹ́ kí n gbọ́ tìrẹ rí, mi ò sì bojú wẹ̀yìn rí fún odindi ọdún mẹ́fà. Mo kàn mọ̀ pé o lù ú.

Àìsàn ìka wíwò náà ò tíì fi mí sílẹ̀ o. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Pásítọ̀ Gaines ní òun ti ń parí ìwàásù lọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ, èékánná rẹ̀ funfun báláú. Kí n tó mọ̀, mo ti lu itan mi, pàà pàà, láàárín ìjọ. Renita fi ìgúnpá gún mi níhà. “Cordell! Kí ló ń ṣe ọ́?” Mo ní, “Kò tíì fẹ́ parí. Ó ń bọ̀ wá.” Ogójì ìṣẹ́jú gbáko ni Pásítọ̀ tún lò sí i. Oúnjẹ tútù ni gbogbo ìjọ lọ jẹ lọ́jọ́ yẹn, Renita ò sì tún bá mi jiyàn mọ́.

Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ń pè mí padà, kò ní kí n lọ, kò sì ní kí n má lọ. Ó kàn yọ ẹ̀wù òtútù mi ńlá nínú àpótí, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé. Odindi Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ń wò ó látojú fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbé apá rẹ̀ sókè sódò.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, a lọ sílé màmá mi. A gbé abọ́ ńlá sáàárín, èmi àti màmá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, à ń fọ́ èso pecan tó fẹ́ fi ṣe páì fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́, à ń wò yín. Ọmọ tí wọ́n fi sí ipò mi láàárín yẹn, ojú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ló ń wò. Ojú! Mo pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n: “Ìka ni kí o wò, ìwọ ọmọ yìí! Ìka!” Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń wọ ilé ara rẹ̀. Mo rí ọ tí o sáré wá látẹ̀yìn, o gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù náà lulẹ̀, o sì pẹ́ nílẹ̀ kí o tó dìde. Orúnkún yẹn ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo sì jókòó síbí, mò ń fọ́ pecan. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí, mò ń lọ.

Ibẹ̀ ni màmá mi ti ní, “Cordell, ta ló ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú pecan mi?”

Mo wo ilẹ̀. Èèpo ti ya ìka ọwọ́ òsì mi, ẹ̀jẹ̀ ti kán sínú abọ́, mo sì ń fọ́ ọ lọ ní tèmi. Mo ní, “Kò dùn mí, Mà.”

“Mo rí i pé kò dùn ọ́,” ni màmá wí. “Ohun tí mò ń wò gan-an nìyẹn.”

Ó gbé abọ́ kúrò láàárín wa. Ó mú aṣọ ìnuwọ́ léjìká, ó ní kí n wá, ó fi dì mí lójú bí ẹni ń bá ọmọ ọdún mẹ́rin ṣeré. Ó ní, “Màá di ìka kan mú, kí o sọ èyí tó jẹ́ fún mi.” Mo ní, “Mà, géńdé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí o.” Ó ní, “Géńdé, pa ẹnu ẹ dé. Gbé ọwọ́ òsì wá.”

Mo gbé e lé itan rẹ̀. Mo dúró. Mò ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n, mò ń gbọ́ ìró ìkòkò látọ̀dọ̀ Renita ní ilé ìdáná. Mo dúró títí ó fi sú mi, mo wá ní, “Mà, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?”

Mo tú aṣọ náà kúrò lójú. Ìka tí òrùka ìgbéyàwó mi wà ló dì mú, ó sì ti tẹ èékánná rẹ̀ bọ̀ ọ́ títí ojú ibẹ̀ fi jìn. Omi ń dà lójú rẹ̀. Renita ti dé ẹnu ọ̀nà, ó mú ṣíbí ìrokà dání.

Màmá ní, “Láti ìgbà wo?”

Mo ní, “Láti ọjọ́ tí mo ṣubú, Mà.”

“Ta ló mọ̀?”

“Kò sẹ́nì kankan.”

Renita ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, “Oṣù mọ́kànlá, Cordell. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń di ọwọ́ yẹn mú ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ìwọ náà dì í mú, Tavaris. Ibi tí mò ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nìyí. Lọ́jọ́ yẹn nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí mo fi orí pàdé ọmọkùnrin tó gbé bọ́ọ̀lù, tí mi ò lè dìde, ìwọ lo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. O kúnlẹ̀, o bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, o dì mí lọ́wọ́. O ní, “Bàbá arúgbó, jọ̀ọ́, tó o bá ń mọ̀ ọ́n lára, sọ fún mi.” Mo wo ìka rẹ. Èékánná rẹ ti funfun báláú. Mo mọ̀ pé gbogbo agbára rẹ lo fi ń fún mi lọ́wọ́. Mo wá ní, “Rọra o, ṣé o fẹ́ kán mi lọ́wọ́ ni?” O rẹ́rìn-ín, o ń sunkún, o ń pariwo fún gbogbo pápá pé mo ń mọ̀ ọ́n lára.

Mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo kà á ni. Bí mo ṣe máa ń ka ti àwọn géńdé iwájú, bẹ́ẹ̀ ni mo ka tìrẹ.

Ọwọ́ ọ̀tún padà bọ̀ sípò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìka mẹ́ta ní ọwọ́ òsì ò padà títí di òní. Nígbà tí dókítà ń fi abẹ́rẹ́ kékeré yẹ̀ mí wò, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, mo sì ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni” lásìkò tó yẹ. Nígbà tí ọdún bọ́ọ̀lù parí, mo ní ó ti rẹ̀ mí, gbogbo yín sì gbà á gbọ́. Bí mo bá wá lọ́la, mo tún lè tàn wọ́n, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Bí ọrùn yìí bá tún gba ọ̀kan sí i, ìwọ lo máa tún kúnlẹ̀ tì mí, bóyá mi ò sì ní lè yí orí wo èékánná rẹ mọ́.

Nítorí náà, mi ò wá. Mo pe Kóòṣì Haskell láàárọ̀ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo ní ẹnu Tavaris ò parọ́ o, ohun tí mo sọ fún un ló sọ fún yín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé ọdún kan. Bí ojú bá tì ọ́ níwájú àwọn ọmọ yòókù nítorí mi, jọ̀ọ́, má bínú. Renita ń mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà iṣan àti ọpọlọ ní Atlanta ní Ọjọ́bọ̀. Kò fẹ́ kí n fúnra mi wa ọkọ̀.

Má rò pé kò wù mí mọ́. Ẹ̀wù òtútù náà ṣì wà lórí okùn. Renita ò ká a, èmi náà ò lè ká a.

Kí Shonda fún mi, fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu, kí o sì kí bàbá tó ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ wa, sọ fún un pé kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ká ìbọ̀sẹ̀ bíi tirẹ̀ ní gbogbo Georgia. Bá mi pe ọmọ tó wà láàárín yẹn, kí o jókòó tì í, kí o kọ́ ọ ní ìka wíwò.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bọ́ọ̀lù yìí ni mo ti ń wo ọwọ́ rẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, o ò lu itan rẹ mọ́. Mo mọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń lù ú níwájú rẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, bí o bá ti dárí jì mí, tí ohùn bá kú nínú akoto ọmọ yẹn, lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mi ò bojú wẹ̀yìn rí, jẹ́ kí n rí i lẹ́ẹ̀kan. Màá wà lórí àga màmá mi. Èmi náà á lu tèmi, ọwọ́ ọ̀tún ni màá sì fi lù ú, kí n lè mọ̀ ọ́n lára.

                                                  Ẹni tó ń dúró níwájú rẹ,
                                                  Cordell Maddox.