Ẹ̀wù Iṣẹ́ Bàbá àti Àwòrán Ilẹ̀ Tí Mò Ń Rán

Màmá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti pínyà lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá. Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì àti ìyàwó wọn. Dòdò tí ẹ dì fún mi, a ò tíì dé Ìbàdàn tó fi tán.

Yàrá tí Bàbá ń gbé ní Ọ̀nà Adó ni mo ṣì wà. Òjò ń rọ̀ ṣáá, oníkálukú ń bọ́ bàtà sọ́wọ́ kó tó lè kọjá. Tí òjò bá dá, ó máa ń dà bíi pé mo gbọ́ Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń gbọn ẹ̀wù iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n máa ń ní ti Lẹ́kí ni eruku yẹn, kó dúró síta.

Ògiri àwọn olówó tí mò ń kùn ló ń bọ́ mi. Iṣẹ́ ọnà tèmi gan-an, àpò sìmẹ́ǹtì ni. Mò ń rán wọn pọ̀ di àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, tó tóbi tó ògiri yàrá. Mo fẹ́ mọ̀: àwọn tó kọ́ gbogbo ilé wọ̀nyí, ibo ni wọ́n ń pè nílé? Mo lọ bá àwọn tí wọ́n bá Bàbá ṣiṣẹ́ ní Ìkátẹ̀, mo ní kí kálukú fi èédú ya ọ̀nà ilé rẹ̀ sára àpò kan.

Mo kọ́kọ́ fọ àwọn àpò náà. Ìgbà tí wọ́n gbẹ, wọ́n le bíi pákó, abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa àwọn òṣìṣẹ́ náà. Wọ́n ní ọmọ bíríkìlà wo ló ń bu omi sí sìmẹ́ǹtì tó fẹ́ rán bí aṣọ? Ní báyìí, gbígbọn ni mò ń gbọn wọ́n, bíi ti Bàbá.

Ará Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà ni ọ̀kan nínú wọn. Àwọn yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó gbé àpò tirẹ̀ kúrò, Àjàṣẹ́ kì í ṣe Nàìjíríà. Ó bi wọ́n pé ilé tí òun bá wọn mọ ní Ìkátẹ̀, ṣé ìta ló wà? Mo rán tirẹ̀ mọ́ etí, ààlà bá fẹ̀ sí i. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo tọ̀nà.

Ìkirè, ìlú wa, nìkan ló kù. Ẹ̀wù iṣẹ́ Bàbá ni mo fẹ́ gé síbẹ̀. Mo ní ẹ̀wù iṣẹ́ kò sí lára aṣọ olóògbé tí à ń pín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè yín lánàá, ohùn yín lọ sílẹ̀. Ẹ ní aṣọ àtàtà tí ẹbí pín, òórùn àpótí ló wà lára wọn. Ẹ̀wù yẹn nìkan ni òógùn ọkọ yín ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ní kí n má gé e, kí n má sì fọ̀ ọ́.

Mo ti gbọ́, Màmá. Mo fi Ìkirè sílẹ̀ ní ihò. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á béèrè ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, màá sì sọ fún un.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, kó dá yín sí fún wa. Ẹ kí gbogbo ará ilé. Ẹ̀wù náà wà lórí ìṣó rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, màá máa gbọn ọ́n lẹ́nu ọ̀nà, títí n ó fi gbé e wálé fún yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàúdátù.