Àwọn Òkúta tí Mo Fọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Ọ̀gá Kékeré ti dé. Àbígbẹ̀yìn mi, èyí tó ń kọ́ jíọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa òkúta, ní yunifásítì. Ọdún àṣekágbá ló wà. Ó gbé àpò òkúta sí èjìká, bàtà kún fún ẹrẹ̀, oòrùn ti sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá ẹ̀ figbe ta. Èmi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ mi ni! Ta ló fi òòlù kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, tó wá di oní-kúárì? Èmi ni. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ojú fèrèsé ni mo sì máa ń gbà sá jáde — àmọ́ ilé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé ládùúgbò yìí, òkúta mi ló wà ní ìpìlẹ̀ ẹ̀.

Ó ní òun ti ń rìn lórí òkè láti oṣù tó kọjá, òun ń já òkúta, òun ń ya máàpù. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, àwọn olùkọ́ máa yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Ìyẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ó yege. Mo ní, kí òkúta wá já ọmọ mi kulẹ̀? Òkúta wo? Èyí tó bá dán an wò, mo máa lọ̀ ọ́ kúnná.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ó ṣì ń sùn. Ó tẹ́ àwọn òkúta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ. Ojú tì mí. Èèpẹ̀, ìpẹtà, gbogbo wọn rí wúruwùru. Wọ́n tún fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí wọn lára! Ní kúárì, òkúta tí a bá kọ nọ́ńbà sí, òkúta tí oníbàárà kọ̀ ni. Ṣé ìyẹn ni ọmọ mi máa gbé lọ síwájú àwọn olùkọ́?

Lọ́dọ̀ wa, bí olówó bá ń bọ̀ wá yan òkúta, a máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, a máa fi òòlù gé etí ẹ̀ kó gún, a máa fi òróró pa á lára kó dán. Ohun tó sọ mí dèèyàn nìyẹn. Fọ́mánù mi, olórí òṣìṣẹ́ kúárì, ní kí òun bá mi ṣe é. Mo kọ̀. Ti ọmọ mi, ọwọ́ mi ni. Mo bọ́ ẹ̀wù. Kó tó jí, mo ti fọ̀ wọ́n tán, mo ti tò wọ́n, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Wọ́n ń kọ yànràn.

Ìrọ̀lẹ́

Ó béèrè pé ta ló fọ̀ wọ́n. Mo fọwọ́ lu àyà, mo ní èmi ni. Ó wo òkúta, ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàámi."

Ìyá ẹ̀ ló là á yé mi. Nọ́ńbà tí mo fọ̀ dànù yẹn ló ń sọ ibi tí wọ́n ti já òkúta kọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀ wà lórí máàpù. Òkúta tí kò bá ní nọ́ńbà, kò ti ibì kankan wá, ọmọ àlè ni. Ó wá fi ẹnu ẹ̀ tó mú gún mi pé: "Bàbá ilé, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní òkúta ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n sọ nígbà tí ẹ ń da ọṣẹ sí wọn lójú?"



Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Ó ń gbìyànjú láti dá wọn mọ̀. Èyí tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja, ó mọ̀ ọ́n. Èyí tó ní ìlà pupa, ó mọ̀ ọ́n. Ìyókù, eérú ni gbogbo wọn, bákan náà ni wọ́n rí. Mo na ìka sí ọ̀kan. Ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọmọ tí mo fi owó òkúta tọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo gbé e lọ sí òkè náà nínú ọkọ̀ akẹ́rù mi, kó lè já òmíràn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Odò ti bo afárá. Mo ní mo máa wọ inú ẹ̀ — ọkọ̀ mi kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ó di ẹ̀wù mi mú, ó ní omi yẹn máa gbé wa lọ. A yí padà. Kò sunkún. Ì bá sàn kó sunkún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Kò jẹun. Èmi náà ò jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ó ti lọ. Ó gbé òkúta náà bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú òróró lára. Mo ní kí n bá a lọ. Ó ní kí n jókòó sílé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Mo pè é, pè é. Kò gbé e. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé ìgbà wo la máa jẹ, la máa mu. Mo ní ọmọ mi ti na gbogbo kíláàsì. Irọ́ gbuu. Àgbàlagbà bíi tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyá ẹ̀ ni ọmọ pè, kì í ṣe èmi. Kò yege. Wọ́n ní kó tún ọdún náà ṣe.

Rárá. Mo ń lọ síbẹ̀ fúnra mi. Mo máa sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é. Kí wọ́n fìyà jẹ mí, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Èmi tí gómìnà dìde fún rí!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Mo bá olórí àwọn olùkọ́ wọn ní ọ́fíìsì ẹ̀, èyí tí Ọ̀gá Kékeré ń pè ní Akọ-Òkúta. Ọmọ kékeré ni lójú mi, ó tó àkọ́bí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fún mi ní àga. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti inú mọ́tò. Mi ò tíì lanu tó fi ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ọmọ yín dùn wá."

Ó ní lọ́dún tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sanwó fún lébìrà kúárì kí wọ́n bá wọn já òkúta. Láti ìgbà yẹn, kálukú ń búra pé ọwọ́ ẹlòmíràn ò kan òkúta òun. Ẹni tí wọ́n bá mú, lílé ni, kò ní padà wá mọ́ láé. Wọ́n rí òkúta ọmọ mi tó ń dán bí ọjà, wọ́n gbọ́ pé oní-kúárì ni bàbá ẹ̀. Wọ́n bi í léèrè lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ mi ní òun ni òun fọ̀ wọ́n, pé òun ò ronú. Olùkọ́ náà ní gbogbo èèyàn fi í ṣe ẹlẹ́yà — akẹ́kọ̀ọ́ jíọ́lọ́jì tó ń pa òkúta lóróró!

Ó wá wò mí sùn-ùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ òkúta. Ṣé ẹ ò fọwọ́ kan wọ́n?"

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi fọ́fọ́. Mo ti ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì.

Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ò mọ nǹkan kan nípa òkúta. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é. Owó lèmi ń gbà."

Ó gbà mí gbọ́. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.