Rùkáyàt Ti Dé, Bàbá Rẹ̀ sì Ti Di Alága

Títílayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú èrò. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ń ṣiṣẹ́? Ọlọ́run tó bá mi gbà ọ́ lọ́wọ́ ibà nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwa náà wà, bí a bá yọ ti orúnkún mi kúrò, àti ti òrùlé tí atẹ́gùn ká lápá kan.

Àforíjì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tọrọ. Nígbà tí o sọ lórí fóònù pé ìwọ àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ń dúró ní Ìyànà Ìbà láti máa mú àwọn ọmọdé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ síbẹ̀, mo rò pé o ti di gbọ́mọgbọ́mọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ nítorí rẹ. O ò ṣe là á yé mi pé ẹ ń mú wọn kí ẹni burúkú tó mú wọn ni?

Ó dáa. Beatrice tí ẹ rán wá mú Rùkáyàt, ọmọ Fàwáz oníkòkó, dé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. O mọ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Oṣù kan gbáko ni bàbá rẹ̀ fi ń yan kiri ìlú, tó ń sọ pé ọmọ òun ń kàwé lọ́dọ̀ màdáàmù kan ní bárékè Ọ̀jọ́. Ìwé wo? Beatrice ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe, màdáàmù náà kò sì tilẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Awakọ̀ já ọmọ sílẹ̀ ní Òkókómáíkò, ó fẹsẹ̀ rìn dé Ìyànà Ìbà, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbálẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ kó tó rí búrẹ́dì jẹ. Ọ̀kan nínú wọn ló pe ẹgbẹ́ yín, tí ẹ fi ń tọ́jú rẹ̀ títí ẹ fi mọ ilé rẹ̀.

Beatrice yọ fọ́ọ̀mù, ó ní kí bàbá ọmọ kọ ọ́. Fàwáz ní ojú ń dun òun. Ojú tó fi ń rí ẹran ìgbẹ́ lókèèrè! Èmi ni mo gba bírò. Wọ́n béèrè ìbáṣepọ̀ mi pẹ̀lú ọmọ náà, mo kọ ọ́ pé ó dán mọ́rán, àfi ọjọ́ tó fọ́ àwo mi. Wọ́n béèrè ẹni tó sún mọ́ mi jù, mo kọ ìyá Pius, nítorí ògiri kan náà la jọ ń lò. Beatrice rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀, òótọ́ ni mo kọ. Ó ní àwọn yóò máa pè ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì láti fi fóònù yẹ ọmọ wò. Mo ti wẹ̀, mo ti wé gèlè dè wọ́n, kí wọ́n má bàa rí mi bíi wèrè.

Wá gbọ́ ìṣe àwọn àgbà ìlú wa. Inú baálẹ̀ dùn pé ará Èkó wá, wọ́n ní ká dá ẹgbẹ́ tí yóò máa dáàbò bo ọmọdé sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ṣe bánà, aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ń kọ̀wé sí, wọ́n sì ti jà lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò tóbi jù lára rẹ̀. Ọmọ tí à ń torí rẹ̀ pàdé jókòó sórí gbòǹgbò igi, ẹnikẹ́ni kò fún un lómi. Ta ni wọ́n fi ṣe alága? Fàwáz! Ó dìde, ó tún agbádá gbé sí èjìká, ó ní níbi tí òun bá wà, ọmọ kankan kò ní jìyà mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Títílayọ̀, bí ewúrẹ́ mi bá lọ́wọ́, kò ní pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo dìde. Mo ní alága, ta ló fi ọmọ yìí sínú ọkọ̀? Ó ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Mo ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé, kí ló gbé e dé ara bánà? Baálẹ̀ ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo bi Rùkáyàt bóyá ó fẹ́ bá bàbá rẹ̀ lọ sílé. Ó wolẹ̀, ó ní Ìyá Títí, ẹ rí mi nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ dẹ̀ fún mi lẹ́pà.

Òótọ́ ni. Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun nìkan láàárín àpò gàrí, mo fún un lẹ́pà, mo ní kó bá mi kí Èkó. Mi ò béèrè ẹni tó ń lọ bá. Ẹnu mi tó mú bí abẹ yìí náà ló dákẹ́. Mo fà á lọ́wọ́, mo mú un lọ sílé mi níṣojú gbogbo wọn. Fàwáz ò tẹ̀ lé wa. Ó dúró ti bánà kí wọ́n tún ya òun ní fọ́tò.

Nítorí náà, fowó ránṣẹ́ fún yunifọ́ọ̀mù àti bàtà rẹ̀. Má fi sí báǹkì o. Wọ́n fún mi ní káàdì kan, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ nọ́ńbà rẹ̀, mo sì gbọ́ràn, mo fi abẹ ha gbogbo nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ wọn ti ń pọ̀ ọ́. Fi rán Beatrice.

Láti ìgbà tí Rùkáyàt ti dé ọ̀dọ̀ mi, aṣọ rẹ̀ kì í kúrò nínú ọ̀rá, ó máa ń gbé ọ̀rá náà lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Láàárọ̀ yìí mo rí i tó fọ méjì nínú aṣọ náà, tó ń wá ibi tí yóò sá wọn sí. Mo ti aṣọ tèmi sápá kan lórí okùn, mo wọlé lọ dáná.

Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá dá dúró níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́, Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò béèrè ibi tí ò ń lọ sọ́nà rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bámikẹ́