Àbúrò Mi, Mo Ṣì Ń Jowú Ẹ

Ọdún márùn-ún rèé, àbúrò mi. Ọdún márùn-ún gbáko! O jáde bí ẹni tó fẹ́ sáré lọ yá nǹkan lọ́dọ̀ aládùúgbò, o ò wọlé mọ́.

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tèmi ní kúkúrú, kó lè wọ inú ìwé ìsìn Sọ́ńdè. Èmi kẹ̀! Ṣé ìwọ náà mọ̀ mí mọ́ kúkúrú? Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo sọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, ọmọ mi wá jókòó, ó dà á kọ. Ibi tí mo ti sunkún, mo ní kó fò ó. Ibi tí mo ti ṣẹ̀, mo ní kó má yọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ẹ. Ìyá wa ń bẹ. Orúnkún wọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́, àmọ́ ẹnu wọn ò tíì rọ̀ rárá. Yàrá méjì tí o bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ti parí, a ti kùn ún. Àwọ̀ ewé lo fẹ́, àbí? Àwọ̀ ojú ọ̀run la fi kùn ún. Èmi ni mo yàn án. Tí o bá fẹ́ jiyàn, ṣebí o mọ ọ̀nà ilé! Máṣíìnì mi ti di mẹ́ta, obìnrin méjì ló ń bá mi rán aṣọ báyìí. Búláòsì ẹ tí o ní kí n bá ẹ fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì wà lórí ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ní kí n ta á fún òun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde.

Ó yá, ìròyìn tán. Ó ku òótọ́ ọ̀rọ̀.

Àbúrò mi, mo ń jowú ẹ. Mo jowú ẹ nígbà tí o wà láyé, mo tún ń jowú ẹ nínú ibojì. Irú kí lèyí, ẹ gbà mí!

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Kíláàsì kejì ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n fi mú mi kúrò. Bàbá wa ní ọwọ́ mi dáa, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Nígbà tó kàn ẹ́, wọ́n gbé àga fún ẹ, wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ dà?" Ìṣirò lo mú, o di tíṣà. Èmi ni mo rán aṣọ tí o fi lọ gba ìwé ẹ̀rí. Ọwọ́ kan kúrú díẹ̀, ṣé o rántí? Kì í ṣe àṣìṣe o. Mo ti sọ ọ́ lónìí, kó kúrò lọ́rùn mi.

Ìgbà tó yá, o gba yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Gbogbo Sọ́ńdè, tí ìsìn bá ti parí, àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde sẹ́kọ́ńdìrì á tò síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ọmọ tó mọ ohun tó fẹ́, ọmọ tí ò mọ̀, ọmọ tí bàbá ẹ̀ ti bá a mọ̀ ọ́n! O ò sọ fún ìkankan pé ṣe tibí, má ṣe tọ̀hún. Wàá bá wọn gbàdúrà, wàá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n máa ń ṣe tí wọn ò ní rántí oúnjẹ, pé ta ni iṣẹ́ yẹn máa ṣe láǹfààní. Wàá wá ní, "Ó dáa. Lọ wò ó ná." Ọjọ́ mẹ́ta! Ọmọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù yunifásítì, àfi tó bá ti lọ jókòó ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe sọ ẹ́ di Àǹtí Lọ-Wò-Ó nìyẹn.

Bàbá oníṣòwò yẹn ńkọ́, tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kí o ṣáà sọ fún ọmọ òun pé Ọlọ́run ní dókítà ni kó ṣe? O ní, "Sà, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu Ọlọ́run o. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì fi rẹ́rìn-ín títí. Èmi gan-an, mo rẹ́rìn-ín dé ibi pé mo di ògiri mú.

Ìwọ tí o ò bímọ, ọmọ ẹ pọ̀ ju tèmi lọ! Lọ́dọọdún tí a bá ti fẹ́ ṣe ìrántí ẹ, wọ́n á ya dé. Èyí tó di nọ́ọ̀sì, èyí tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù létí òkun, èyí tó ń tún eyín èèyàn ṣe. Wọ́n á jókòó sórí àga mi, wọ́n á mu omi mi, wọ́n á wá máa sọ irú ẹni tí àbúrò mi jẹ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì yẹn ló wá burú jù, nítorí òun ló gba yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ẹ. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé Àǹtí máa ń kọrin tí wọ́n bá ń máàkì ìwé?" Ṣé mo mọ̀! Ọmọ tí mo pọ̀n! Ọmọ tí mo nu imú fún! Mo ní, "Mo mọ̀ dáadáa."

Àbúrò mi, mi ò mọ̀.

Ó wá kan ọmọ tèmi. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo tó sọ ẹ́ di Màmá Kékeré, tó wá sọ èmi di Màmá Ńlá, bíi pé erin ni mí. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí o lọ. Ó ti di mẹ́tàdínlógún, ó ti ga jù mí lọ, òkè ló ti ń wò mí báyìí. Lọ́dún yìí ló yẹ kó kọ fọ́ọ̀mù. Mo dúró kó wá bá mi. Mo tiẹ̀ pa máṣíìnì, kí ariwo má baà dí i lọ́wọ́.

Kò wá. Ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì ló gbà lọ.

Nọ́ọ̀sì wá lọ yọ ìwé kékeré tí o máa ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ sí. O ti kọ tiẹ̀ síbẹ̀ kí o tó lọ: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tó bá fọ́ ni ọwọ́ ẹ̀ máa ń lọ bá." Ọmọ gbá ìwé mọ́ àyà wọlé, ojú ẹ̀ pọ́n. Háà! Ọdún márùn-ún nínú ilẹ̀, o tún ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi!

Ló bá lọ wo iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Níbo? Lọ́dọ̀ bàbá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn tí wọ́n ti gé tiwọn. Ó ní wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì. Mo ní, "Ẹsẹ̀! Nínú gbogbo ara èèyàn?" Ó ní, "Màmá, mi ò rántí oúnjẹ níbẹ̀." Ohùn ẹ ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe rèé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kó ìwé ẹ̀ lọ bá oníkọ̀ǹpútà tó ń bá àwọn ọmọ kọ fọ́ọ̀mù, mo ní, "Lọ́yà ni kí o kọ síbẹ̀." Ta ló ní lọ́yà? Èmi ni. Kí wọ́n lè máa pè mí ní Màmá Lọ́yà. Kí ohun kan ṣáà wà lára ọmọ yẹn tí kì í ṣe ìwọ lo fi síbẹ̀! Nígbà tí ọmọ wá bi mí pé kí ló dé, mo ní, "Ọlọ́run ló bá mi sọ̀rọ̀."

Mo fi orúkọ Ọlọ́run parọ́ fún ọmọ mi, nítorí mò ń jowú òkú!

Ká ní ó bá mi jà ni, ì bá sàn. Ó wò mí, ó ní, "Tó bá jẹ́ Ọlọ́run ló sọ ọ́, Màmá, màá ṣe é." Ó ká aṣọ iṣẹ́ tí bàbá yẹn fún un, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, bí mo ṣe gbé e ni màá ṣe bá a. Fọ́ọ̀mù máa parí ní Fúráìdè, mo sì ń wò ó tí ọjọ́ ń lọ.

Wẹ́sìdeè ló bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun lọ parí ẹsẹ̀ kan tóun ti bẹ̀rẹ̀, kóun sì dágbére. Mo tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ìdágbére yẹn.

Yàrá tóóró kan báyìí ni. Ẹsẹ̀ rọ̀ lára ògiri bí aṣọ tó ń dúró de oníbàárà. Bíríkìlà kan jókòó, ó ń ráhùn pé awọ tó gba òkè ẹsẹ̀ tuntun òun ń bó òun lára. Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, sà. Ẹ jókòó. Ẹ tún dìde." Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí awọ ti ń fà, ó gé e díẹ̀, ó yí etí ẹ̀ sínú, ó rán an mọ́lẹ̀. Àbúrò mi, bí mo ṣe ń yí ọrùn aṣọ ọmọ ìkókó sínú gẹ́lẹ́, kí ó má baà ha á lọ́rùn! Bíríkìlà rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà. Ó ní, "Àkàbà dà? Lọ́la ni mò ń gùn ún!" Bàbá yẹn ní, "Kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn ilé ẹ ná, ìwọ yìí." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní yíyí etí yẹn o. Ó ní ọwọ́ màmá òun lòun ti rí i."

Èmi! Kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe Nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ìwé kékeré. Èmi!

Orí ìdúró ni mo wà, mi ò mọ ibi tí mo máa wò. Ọmọ yẹn ò sì wojú mi. Ó ń tú aṣọ iṣẹ́ nídìí, ó fẹ́ dá a padà fún bàbá.

Bá a ṣe jáde sójú ọ̀nà, níwájú ẹni tó ń rán bàtà, mo fà á lọ́wọ́. Mo ní, "Ọlọ́run ò bá mi sọ nǹkan kan. Èmi ni mo sọ ọ́. Owú ló ń pa mí."

Ó ní, "Owú ta ni?"

Mo ní, "Ti Màmá Kékeré."

"Màmá, wọ́n ti kú."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni! Ìdí tí mi ò fi rí i ṣẹ́gun nìyẹn!"

Aránbàtà gbé ojú sókè. Ọmọ yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́, òun á dárí jì mí, àmọ́ tí Ọlọ́run bá tún rán mi sóun, kí n ní kó pe òun fúnra ẹ̀. Mo ní mo gbà.

Ó wá bi mí. Ó ní, "Tiyín wá ńkọ́, Màmá? Ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run ló pè mí sí i, àbí ó kàn wù mí ni?"

Ó bi mí, àbúrò mi! Mi ò mọ Bíbélì bíi tìẹ, mi ò ní ìwé kékeré kankan. Aṣọ ni mo mọ̀. Mo ní, "Aṣọ tí wọ́n gé fún èèyàn, kì í fà á níhìn-ín fà á lọ́hùn-ún kó tó wọ̀ ọ́. Mo wò ẹ́ ní yàrá yẹn látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ò fà ẹ́ níbì kankan." Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́ ọmọ mi padà.

A kò délé ká tó lọ bá oníkọ̀ǹpútà. Ó rí wa, ó ní, "Màmá Lọ́yà! Ṣé ẹjọ́ ti tán ni?" Mo ní kó pa ẹnu dé, kó pa òfin rẹ́, kó kọ ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ó kọ ọ́. Wọ́n ti gbà á, àbúrò mi! Oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn dé, gbogbo ilé pariwo. Ìyá wa gbàgbé orúnkún, wọ́n jó. Nọ́ọ̀sì wá, ó dì mọ́ mi, mo sì jẹ́ kó dì mọ́ mi. Àmọ́ mo ti gbé fóònù, mo ti ń wá nọ́ńbà ẹ kiri inú ẹ̀ kí n tó rántí. Gbogbo èèyàn ló bá mi yọ̀, kò sí ìkankan nínú wọn tí mo fẹ́ yangàn sí. Ìwọ ni. Ìwọ nìkan ni! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi ni ọmọ bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi, tí mo sì mọ ohun tí mo máa sọ. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún kó lè dùn ún?

Mo fẹ́ràn ẹ, àbúrò mi. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún márùn-ún yìí tí mi ò wá ẹ. Ká ní o wà láàyè, lónìí ni ò bá jowú tèmi. Ọlọ́run mọ̀, màá jẹ́ kí o jowú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí o ṣáà wà níbí.