Méje Tí Mo Fún Géèmù Rẹ

Abúlé Àjàgbé,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ Ẹtì.

Olúwafẹ́misí, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Atlanta kò mú ọ jù? Bí o bá ń bèèrè wa, a wà, a ń jẹ, a ń mu, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń bínú sí i, òun náà sì ń bínú padà. Ọlọ́run tó sìn ọ́ kọjá òkun kò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò sì ní di ẹ̀sín. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì. Ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì jọ òbúkọ Oyèkànmí tíṣà ìṣirò, ọ̀ràn náà sì ti dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé fóònù. Obìnrin kan ló máa ń dá mi lóhùn, ó máa ń ní kí n fọhùn lẹ́yìn tí nǹkan bá ti dún. Mo kí i, mo bèèrè ọkọ àti ọmọ rẹ̀, mo tún ṣàdúrà fún un, kò ṣe àmín. Bí alábàágbé rẹ bá ni, rọra máa kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ géèmù rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ ní Morrow lẹ́bàá Atlanta lọ́dún méjì sẹ́yìn pé iléeṣẹ́ yín ní géèmù ńlá kan tó lókìkí, ti àwọn ọ̀daràn tó ń jí mọ́tò, tí ènìyàn lè fi ọgọ́rin wákàtí gbá kó tó parí, pé wọ́n wá ní kí ìwọ kọ ìtàn kékeré kan tí yóò yọ lára rẹ̀ bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, wákàtí mẹ́fà péré. Ọ̀rọ̀ olè yẹn kò kọ́kọ́ dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní Bíbélì náà kún fún olè, mo bá gbà. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti jáde, mo lọ bá Samirah, agùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama wa ní kọ̀ǹpútà. Ọmọ dáadáa ni, ó ní ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì fi páàdì tí wọ́n fi ń gbá a lé mi lọ́wọ́.

Fẹ́misí, géèmù náà le. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin inú rẹ̀ lọ gbé mọ́tò pupa kan. N kò jẹ́ kí ó gbé e. Mo ní kí ó dúró tì í kí ẹni tó ni ín dé, kí a lè tọrọ rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró. Nígbà tí kò sẹ́ni tó yọjú, mo ní kí a máa fẹsẹ̀ rìn. Gbogbo iná ojú títì tó bá pọ́n ni mo ń dúró fún. Bọ́tìnnì kan sì wà tó ń mú kí ọmọbìnrin náà lóṣòó. Samirah ní kí ọlọ́pàá má baà rí i ni. Èmi rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ tí mo kọ́ ló kọ ọ́, ìkúnlẹ̀ ni o fi í ṣe. Gbogbo àgbàlagbà tí a bá pàdé ni mo ń tẹ̀ ẹ́ fún. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, kò dá mi lóhùn. Mo rí irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tí à ń wọ̀ lọ sí Downtown nígbà yẹn. Mo kúnlẹ̀ kí ọlọ́pàá kan tó ti hewú, ó fa ìbọn yọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbá a, n kò tíì kúrò ní títì àkọ́kọ́, Samirah ló wá bá mi parí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó kà fún mi ohun tí àwọn alárìíwísí kọ, pé géèmù yín kúrú, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọn kò kí ènìyàn lọ́nà. Ọ̀kan ní ó dùn ṣùgbọ́n ó kúrú. Èkejì ní ó kúrú ṣùgbọ́n ó dùn, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lé e lórí. Ẹni tí oúnjẹ kò bá dùn mọ́ lẹ́nu kì í ráhùn pé ó kéré, nítorí náà n kò bá wọn bínú.

Ẹnì kẹta ló bí mi nínú. O rántí bàbá arúgbó tí o fi síwájú ṣọ́ọ̀bù táyà. Bí ọmọbìnrin náà bá ti ṣe iṣẹ́ kan tán, á wá dúró níwájú rẹ̀, bàbá á wo mọ́tò yíká, á fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Márùn-ún. Mẹ́fà. Bí ọmọ náà bá gbìyànjú gan-an, méje. Mo ti sọ fún Samirah pé òun nìkan ni ọmọlúàbí nínú gbogbo ìlú náà. Alárìíwísí yìí wá kọ ọ́ pé ìkà ni, pé gbogbo ẹni tó ń gbá géèmù náà ló ń bẹ̀ ẹ́ lọ́kàn pé kó sọ ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo, àti pé níparí, nígbà tí ọmọ náà dé láti iṣẹ́ tó le jù, tó dúró níwájú rẹ̀, tí bàbá la ẹnu, gbogbo nǹkan kàn ṣókùnkùn, ó tán. Ó ní ẹ rẹ́ òun jẹ.

Mo ní n kò ní gbà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ẹgbẹ́ Àwọn Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Samirah tan géèmù náà sára ògiri, àwa mẹ́tàdínlógójì wò ó látòkè délẹ̀, a sì fẹnu kò pé méje ni bàbá náà fẹ́ sọ kó tó ṣókùnkùn. Samirah wá fi ojú ewé tí wọ́n ti ń fún géèmù ní máàkì hàn wá, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i lè fún un. Fóònù ní kí kálukú búra pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ. A gbé Bíbélì àti Kùránì síta, a búra lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún ṣe ìdánwò fún wa, wọ́n ní ká tọ́ka sí àwòrán tí iná ojú títì wà nínú rẹ̀. Oyèkànmí fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó yege lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo fún ọ ní méje. Àwọn yòókù fún ọ ní mẹ́fà mẹ́fà, nítorí èmi ni alága, wọn kò lè fúnni jù mí lọ. Oyèkànmí fún ọ ní márùn-ún, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní márùn-ún rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìṣirò lé e lọ́wọ́. Gbogbo wa sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ọmọ yìí gbìyànjú, ó lè ṣe jù báyìí lọ. A jẹ àkàrà, a kọrin, a túká. Mo rò pé ìwọ náà ń jó ní Morrow.

Àfi bí Damaris àbúrò mi, nọ́ọ̀sì ní Forest Park nítòsí rẹ, ṣe pè mí ní Ọjọ́rú yìí. Kò tilẹ̀ kí mi tán tó fi bèèrè ta ló rán mi níṣẹ́. Ó ní ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gba mẹ́fà ti fìdí rẹmi, ẹni tó gba méje, wọ́n ṣàánú rẹ̀ ni. Ó ní géèmù rẹ ti wà ní mẹ́jọ ó lé díẹ̀ kí àwa tó dé, àwa la fà á wálẹ̀ sí méje àti ààbọ̀, àti pé àwọn ọ̀gá yín rò pé ọ̀tá ló ra àwa mẹ́tàdínlógójì. Ó ní bí kò bá pé mẹ́jọ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n á tú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín ká. Ó wá ní ìwọ kò tilẹ̀ fẹ́ dúró dè wọ́n mọ́, o ní o ń lọ gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí ní Forest Park, pé kì í ṣe àwọn ọ̀gá ló ba ọkàn rẹ jẹ́. Orúkọ kan ni o rí lójú ewé máàkì náà, Tíṣà Akínjídé, tí méje wà níwájú rẹ̀.

Mo ní ṣùgbọ́n méje ni! Mo ní mẹ́wàá ti Ọlọ́run ni, mẹ́sàn-án ti tíṣà, mẹ́jọ ti ọmọ tí a kò tíì bí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ, ọmọ mẹ́rin péré ló gba méje lọ́wọ́ mi, ìwọ nìkan ló sì gbà á jù ẹ̀ẹ̀kan lọ. Damaris wá bèèrè bóyá mo sọ èyí fún ọ rí. Mo ní tíṣà kì í ṣàlàyé máàkì fún ọmọ. Ó tún bèèrè pé ta ni mo rò pé bàbá ṣọ́ọ̀bù táyà yẹn jẹ́. Mo ní báwo ni n ó ṣe mọ̀ ọ́n, n kò dé àdúgbò yẹn rí. Ó pòṣé, ó ní kí n lọ rò ó.

Mo rò ó. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ wá, mo rò ó títí oúnjẹ fi tutù. Fẹ́misí, nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹrin, o mú ìwé àròkọ rẹ wá, mo kọ méje sí i, o sì wo ojú mi pẹ́. Mo rò pé o ń dúpẹ́ ni. Ó dùn mí, ọmọ mi. Má bínú sí mi.

Lánàá mo tún pe ẹgbẹ́ jọ, mo ṣàlàyé máàkì Amẹ́ríkà fún wọn, wọ́n pariwo. Oyèkànmí ní òun kò ní torí Amẹ́ríkà ba ètò ẹ̀kọ́ jẹ́. Ìgbà tí mo gbà láti jáwọ́ nínú ẹjọ́ ewúrẹ́ ló tó gbé e dé mẹ́jọ. Àwọn yòókù fún ọ ní mẹ́wàá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Samirah ní ó ti ń gòkè. Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́: owó dátà fún àwọn arúgbó mẹ́tàdínlógójì lẹ́ẹ̀mejì, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó àkàrà, àti awò ojú tuntun fún mi, nítorí iná ojú títì inú géèmù yẹn kéré. Samirah ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ kó lè bá ọ kí ọjọ́ Ajé tó pé.

Ó wá ku tèmi. Mo jókòó síwájú fóònù náà pẹ́. Mẹ́wàá kì í ṣe tèmi, n kò lè fi ohun Ọlọ́run tọrẹ. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án, ti tíṣà ni, tèmi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ni mo ti fi pamọ́ fún ara mi, n kò fún ọmọ kankan rí. Mo ti gbé e fún ọ, èmi sì ti bọ́ sí mẹ́jọ. Má lọ gbé páálí. Bí wọ́n bá tú yín ká lọ́jọ́ Ajé, jókòó kọ òmíràn, kí o kọ́kọ́ kà á fún mi.

Ọlọ́run tó fún ọ ní ẹ̀bùn kò ní gbà á padà. Ọ̀nà rẹ yóò là, ẹsẹ̀ rẹ yóò balẹ̀ níbi tí o bá tẹ̀ ẹ́ sí, ẹnu tó dájú sí ọ yóò di ẹnu tó ń yìn ọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu mi.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí ohùn rẹ,
Tíṣà Akínjídé.