Eérú Tó Dí Bọ̀ọ̀dá Lọ́nà

Bàbá mi àtàtà,

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí a sin yín. Àga yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, kò tíì sẹ́ni tó jókòó sí i. Mo mọ̀ pé ẹ óò ti máa wá Bọ̀ọ̀dá, àkọ́bí yín tó wà ní Yúróòpù, láàárín èrò lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fà á tí kò fi sí níbẹ̀.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi iṣẹ́ mi yangàn fáwọn oníbàárà yín lọ́jà Òkè Àrin, pé ọmọ yín ló ń sọ ohun tó wà lójú ọ̀run fáwọn awakọ̀ òfuurufú. Síbẹ̀, tí mo bá sọ pé òjò ò ní rọ̀, ẹ á ṣì fi ọ̀rá bo páálí mílíkì yín. Mo máa ń bínú. Ẹ̀yin lẹ gbọ́n jù.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin ká sin yín ni òkè oníná kan bú lápá àríwá Yúróòpù. Tí eérú rẹ̀ bá wọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, ẹ́ńjìnnì á kú, torí náà ọkọ̀ kì í fò níbi tó bá bò. Ẹ̀gbọ́n yín láti Ìjẹ̀bú bi mí bóyá ká sún ọjọ́ ìsìnkú síwájú. Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi. Mo wo ibi tí atẹ́gùn kọjú sí lórí máàpù, mo fọwọ́ sọ̀yà pé á gbá eérú náà lọ sójú òkun lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbà mí gbọ́.

Òkè náà tún bú. Eérú ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó dé ibi tí atẹ́gùn mìíràn ti ń fẹ́. Atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ni mo wò, ti òkè ló gbé e. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń wò ó bó ṣe ń lọ bo ìlú tí Bọ̀ọ̀dá wà. Mo mọ wákàtí tó máa débẹ̀, mi ò sì lè ṣe nǹkan kan. Èrò ti dé láti Ìjẹ̀bú, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀. Kí wá ni ìmọ̀ mi wúlò fún, Bàbá?

Àkọ́bí ló yẹ kó kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sórí pósí. Àlùfáà wá fi ṣọ́bìrì lé èmi àbíkẹ́yìn lọ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá, tí kò fojú kàn yín láti ọdún méje, ń wò wá lórí fóònù láti pápákọ̀ òfuurufú. Mo rí i tó na ọwọ́ òfìfo síwájú, tó ń dà á sílẹ̀ bí mo ṣe ń da tèmi. Ṣé ẹ rí i?

Lánàá, ojú ọ̀run mọ́, ọkọ̀ òfuurufú tún ń fò. Mo sáré pè é. Ó ti dá tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Ó ní òun ò rẹ́ni tóun fẹ́ wá wò ní Èkó mọ́.

Bàbá, èmi ṣì wà níbí.

Àbíkẹ́yìn yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.