Èmi Ni Ògbufọ̀ Ara Mi

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 1975

Lẹ́tà dókítà ti dé. Inú ilé ìgbẹ́ kóòtù ni mo ti kà á, ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe é tì. Ó ní kí n wá rí òun ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ìbéèrè ló fẹ́ bi mí, kò tíì kan ọ̀bẹ. Bí ìdáhùn mi bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọ̀wé sí oníṣẹ́ abẹ tó máa ń tún ara ṣe, kí ara mi lè bá ohun tí mo jẹ́ mu. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó parí nìyẹn. Ohun kan ló fi kún un: kí n mú ẹbí kan dání, ẹni tó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́.

Kí n kọ ọ́ kí ojú mi rí i. Ní kóòtù ìbílẹ̀ Ìkòtún, Nùrẹ́nì ni wọ́n mọ̀ mí sí, ògbufọ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọkùnrin. Nínú ìwé yìí, Àdíját lorúkọ mi. Ìwé yìí nìkan ló sì gbọ́ ọ.

Gbogbo akọ̀wé tó gba owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ san, ló ti ra alùpùpù. Èmi ò ra nǹkan kan. Wọ́n ní bóyá mo fẹ́ kí wọ́n fi tèmi sin mí ni. Wọn ò mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni mo ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Ta ni n ó mú dání? Bàbá ti kú, ìyá ti kú. Bọ̀dá Babárìndé, ẹ̀gbọ́n mi — ààfáà mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ pè. Ó ku Ìyá Sìmẹ́ńtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Ìyá Sìmẹ́ńtì ni gbogbo èèyàn máa ń pe Àlàájà Sìdíkátù. Àbúrò bàbá mi ni, òun ló pọ̀n mí dàgbà, sìmẹ́ńtì ló ń tà ní Ìdímù. Gbogbo ayé ló ń kọ́lé báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dilẹ̀. Ó ti lọ Mẹ́kà, nítorí náà òun nìkan ló ti wọ bàálù rí nínú ẹbí wa.

Mo ní dókítà kan wà nílùú Òyìnbó tó lè wo ohun tó ń dà mí láàmú láti kékeré. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọlọ́hun ṣeun. Mo ti mọ̀ pé ara ni ò jẹ́ kó o fẹ́yàwó. Irú ọ̀rọ̀ tí obìnrin ń bi ọkùnrin kọ́ ni, ni mo ṣe dákẹ́." Ó rò pé dókítà yóò fún mi lágbára ọkùnrin, ká wá ṣe ìyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Mo la ẹnu. Ó ti wọ yàrá lọ wá pásípọ́ọ̀tù rẹ̀.

Ní kóòtù, bí ọ̀rọ̀ bá yé ẹlẹ́rìí sódì, èmi ni mo máa ń dá a dúró. Mi ò dá tibí dúró. Mi ò parọ́, mi ò sì sọ òótọ́. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ara ni dókítà yìí máa ń wò ni, àbí ojú? Ṣé èèyàn dúdú ti wá bá a rí? Àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún — ohùn wọn ńkọ́? Ta ló ń bu omi fún wọn mu nígbà tí wọn ò tíì lè dìde? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ọjà, kí ni wọ́n rà?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Àlàájà ti di gààrí sínú báàgì. Mo ní wọn yóò fún wa lóúnjẹ lókè. Ó ní òun ti jẹ oúnjẹ wọn rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Nínú bàálù. Àlàájà ló bá mi so ìgbànú ìjókòó, ó ń ṣe bí ẹni tó ni ọkọ̀. Mo bojú wo ìsàlẹ̀ láti Ìkẹjà títí a fi dé orí aṣálẹ̀. Iyanrìn, iyanrìn, iyanrìn. Ta ló ń gbébẹ̀? Ó ní kí n yéé wolẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 14

Lọ́ńdọ̀nù. Títí, ọmọ Ìdímù tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbà wá sí yàrá. Aago mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́ kọjá, oòrùn ṣì ń ràn. Àlàájà ti ṣe àlùwàlá, ó jókòó ti fèrèsé, ó ń dúró de mọ̀gáríbì. Ó ní ṣé oòrùn ibí ò mọ ilé ni.

Mo jáde lọ wo bí àwọn obìnrin ibí ṣe ń rìn. Wọ́n ń yára, wọn kì í wo ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni ò sì wò mí. Mo rìn lọ rìn bọ̀ lójú pópó kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ọ̀la ni. Mi ò lè jẹun. Àlàájà jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Kí n kọ gbogbo rẹ̀ kí n tó gbàgbé.

Dókítà náà ti dàgbà, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, bó bá bi èèyàn ní nǹkan, á dúró. Onísùúrù ni mo sọ ọ́. Èmi ló kọ́kọ́ dá pè, bíi wákàtí kan. Ojú ló wò, kò wo ara. Ó bi mí ohun tí n ó ṣe bí òun bá kọ̀. Mo ní n ó padà sí kóòtù, n ó máa sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kiri bí mo ti ń ṣe. Ó kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ó ní kí Àlàájà wọlé. Àlàájà ò gbọ́ Òyìnbó. Onísùúrù bèèrè ẹni tí yóò máa túmọ̀. Mo ní iṣẹ́ mi ni. Ó wò mí, ó ní kí n ṣáà ti sọ ọ́ bí Àlàájà bá ṣe sọ ọ́. Kò yẹ kó sọ ìyẹn fún mi. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣe é, mi ò fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí rí.

Ó bèèrè irú ọmọ tí mo jẹ́. Àlàájà sọ̀rọ̀ Iléyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Bàbá mi tò mí sí ìlà àwọn ọkùnrin ní yídì, mo sá kúrò níbẹ̀, mo lọ kírun lẹ́yìn Àlàájà láàárín àwọn obìnrin. Bàbá nà mí. Lọ́dún kejì mo tún lọ. Ó ní ìgbà yẹn òun fi ìborùn bò mí lórí kí bàbá mi má baà rí mi. Mo rántí ẹgba. Mi ò rántí ìborùn. Mo túmọ̀ rẹ̀.

Àlàájà wá ní, "Bá mi bi í, ìgbà wo lara ọmọ yìí á le tó fi máa lè fẹ́yàwó?" Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Onísùúrù gbé kálàmù sílẹ̀. Ó bi mí bóyá ìyá yìí ò mọ ohun tí mo bá wá ni. Mo sọ ìbéèrè rẹ̀ fún Àlàájà. Kò sí ibi tí mo tún lè sá sí. Mo ní, "Àlàájà, ọ̀rọ̀ ìyàwó kọ́ ló gbé mi wá. Obìnrin ni mí. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi tún ara mi ṣe kó bá mi mu." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí etí mi gbọ́ ọ lédè wa.

Ó fà gèlè rẹ̀ le. Ó ní, "Sọ fún un pé ọmọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n mi bí, èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Sọ fún un pé ohun tí ọmọ yìí ń sọ ò yé mi, mi ò sì rán an."

Kò gbọ́ Òyìnbó. Mo lè sọ pé ó gbà. Ìgbà yẹn ni mo mọ bí irọ́ ṣe rọrùn tó nínú iṣẹ́ mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mi ò yọ "mi ò sì rán an" kúrò.

Onísùúrù kọ̀wé pẹ́. Ó ní òun ò kọ̀, òun ò sì tíì gbà. Kí n gbé ọdún kan bí obìnrin, láṣọ, lórúkọ, lẹ́nu iṣẹ́, lójú àwọn èèyàn. Kí n wá padà lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹbí kan tó fojú rí i. Láìsí ẹlẹ́rìí, kò ní kọ̀wé sí oníṣẹ́ abẹ. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà. Ó dìde. Ó ní ká máa lọ, àsìkò Jímọ́ọ̀ ń kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Ó sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá bí òun ṣe sọ ọ́ fún dókítà ni mo ṣe sọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Bó tiẹ̀ lè ba tìẹ jẹ́?" Mo ní iṣẹ́ ògbufọ̀ nìyẹn. Ó ní iṣẹ́ òmùgọ̀ ni jàre. Ó bu gààrí fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Nínú bàálù. Àlàájà ló wá ń bèèrè lónìí. Ṣé ó máa ń dun èèyàn púpọ̀? Wọn kì í kú? Bàbá ẹ, ṣé ó mọ̀ kó tó lọ? Àwọn tí wọ́n ti ṣe fún, ẹ̀yìn ta ni wọ́n ti ń kírun? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní odidi wákàtí kan ni mo fi jókòó ti dókítà, mi ò bi í ní nǹkan gidi kan. Lóòótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 22

Ìdímù. Bọ̀dá Babárìndé wá gbọ́ ìròyìn. Ó ti bá bàbá ọmọge kan sọ̀rọ̀ ní Ìgàndo, Ràbíátù lorúkọ ọmọ náà, wọ́n ń dúró de èsì. Ó ní kí n sọ ohun tí dókítà wí.

Mo la ẹnu, Àlàájà ti gba ọ̀rọ̀. "Èmi ló bá sọ̀rọ̀. Ó ní ìtọ́jú ọdún kan gbáko ni. Kò gbọdọ̀ sọ́rọ̀ ìyàwó ńbẹ̀. Ó ní kó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù, ariwo ibẹ̀ ò dáa fún un. Kó lọ máa gbé níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kéèyàn má wulẹ̀ máa wá bẹ̀ ẹ́ wò. Èmi nìkan ni n ó máa lọ. Ilé tí mo kọ́ sí Ayọ̀bọ̀ ti tó gbé, á máa bá mi kọ ìwé sìmẹ́ńtì níbẹ̀."

Bọ̀dá kọjú sí mi. "Ṣé bí dókítà ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Ọdún mẹ́jọ, mi ò jẹ́ kí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá lójú mi rí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tí Bọ̀dá lọ tán, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà — mi ò dọ̀bálẹ̀. Ó rí i. Ó ní kí n má rò pé ọ̀rọ̀ náà yé òun, kò yé òun rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé Ayọ̀bọ̀ ò mọ̀ mí rí, ẹni tí mo bá ní mo jẹ́ ni wọn yóò mọ̀. Kí n di ẹrù mi, lọ́rí sìmẹ́ńtì yóò gbé mi láàárọ̀ ọ̀la.

Mo bi í bóyá yóò tún bá mi lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní òun yóò lọ. Ohun tí òun bá fojú rí ní Ayọ̀bọ̀ ni òun yóò sọ fún dókítà, ìbáà dùn mọ́ mi, ìbáà má dùn mọ́ mi, kí n sì rí i pé mo sọ ọ́ bí òun bá ṣe sọ ọ́.